Àlímì Onítẹ̀wé àti Ẹ̀fọn Àjò

Ẹni tó bá dé Fọlá Àgòrò ní Ṣómólú tó sọ pé òun ò tíì gbọ́ ìtàn Àlímì Ikúmápàyí àti ṣọ́jà inú bọ́ọ̀sì, àlejò pátápátá ni onítọ̀hún, ẹ bá a wá àga kó jókòó. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni. Bọ́ọ̀sì ń ti Ìkòròdú bọ̀, ó kún fọ́fọ́. Ṣọ́jà kan jókòó sójú fèrèsé, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ le koko. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ṣe rí nígbà yẹn. Bí ṣọ́jà bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìwọ lo máa bẹ̀ ẹ́. Kálukú ti fún ara wọn pọ̀ kí aṣọ wọn má baà kan tiẹ̀, àfi Àlímì tó jókòó tì í, tó ń yí ara síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ti lo oògùn ibà láàárọ̀ kó tó jáde nílé, oògùn náà sì ti ń yún un láàárín ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ ò tó.

"Ọ̀gá ṣọ́jà," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi họ ẹ̀yìn."

Sìlífátù ìyàwó rẹ̀, tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà lábẹ́nu.

"Kí lẹ wí?" ni ṣọ́jà béèrè.

"Ẹ̀yìn mi ni. Lókè díẹ̀, lápá òsì. Ẹ má bínú, ìjọba alágbádá la wà báyìí, gbogbo wa la ti di ọ̀kan."

Ṣọ́jà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo irun funfun orí Àlímì. Ló bá ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀wù bàbá, ó ń họ ọ́. Àlímì ń darí rẹ̀ bí ẹni ń darí mọ́tò tó ń fẹ̀yìn rìn: "Ẹ sọ̀ díẹ̀. Ẹ tún sọ̀. Háà, ibẹ̀ yẹn gan-an! Ọlọ́run á fi yín ṣe jẹ́nẹ́rà." Bó ṣe họ ọ́ dé Kẹ́tu nìyẹn. Ọjọ́ náà ni àwọn ará Fọlá Àgòrò gbà pé ìjọba ológun ti lọ lóòótọ́.

Onítẹ̀wé ni Àlímì, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣómólú. Ó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ó ń tẹ kálẹ́ńdà mọ́sálásí, nígbà ìdìbò ó sì tẹ pósítà fún ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí wọn ò jọ ń kí ara wọn. Ó lẹ méjèèjì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ní ẹni tí inú bá ń bí kó ya ojú tiẹ̀ sí apá kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò jalè, kò mutí. Ẹ kàn má sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn sí i ni.

Nítorí ó ní ìgbàgbọ́ kan tí kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn ilé kì í pa onílé. Ní Ṣómólú, kò lo oògùn ibà rí, kò ta àwọ̀n ẹ̀fọn, ìhòòhò àyà ló fi ń sùn. "Èyí tó ń jẹ mí lónìí yìí," ló máa ń wí, "ìyá rẹ̀ ló jẹ mí lóṣù tó kọjá, ìyá ìyá rẹ̀ ló jẹ mí lọ́dún tó kọjá. A ti di ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn àjò, ibo ló ti mọ̀ mí? Kí ló máa rí lára mi táá fi ṣàánú mi?"

Nítorí náà, bó bá ti fẹ́ kúrò ní Ṣómólú, kulorokúìnì, oògùn ibà, ló máa gbé mì. Bárígà ò sí níbẹ̀ ṣá o, Bárígà ilé ni, torí Abúlé Òkúta ni wọ́n ti bí ìyá tó bí i. Ibi tí ààlà wà gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Sìlífátù. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ lọ ra bàtà ní Yábàá, ló bá ní kí wọ́n gbé oògùn wá.

"Bàbá Hàmdálàt, Yábàá!" ni Sìlífátù pariwo. "Yábàá tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé!"

"Ẹ̀fọn ibẹ̀ yàtọ̀," ni Àlímì wí. "Àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ló ń jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ìwé ló ń mu. Èmi tí mi ò kàwé dé iwájú, ara mi ò lè gba irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo kulorokúìnì rí, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún yín. Ó korò bíi jogbo. Àlímì á bu òkèlè ẹ̀bà, á tẹ kóró oògùn bọ inú rẹ̀, á di ojú, á gbé e mì kí ahọ́n tó mọ ẹni tó kọjá. Ìyẹn ni apá tó rọrùn. Kò ní pẹ́ tí etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí á máa dá ẹni tí kò pè é lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yíyún á dé. Oògùn yìí kì í yún gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń yún, ó yún un dé eegun. Ti Àlímì á bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́, á gba apá, á gba ọrùn, á wá fi ẹ̀yìn ṣe ilé. Ó ti fi ìyarun họ ọ́ rí, ó ti fi fọ́ọ̀kì, ó ti fi ṣùkù àgbàdo. Wọ́n ní kó fi omi tútù wẹ̀, ó wẹ̀, ó jáde, ó ní omi náà ń yún òun. Òpó ẹ̀yìnkùlé wọn ń dán gbinrin níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń gún.

Sabina, tó ni kẹ́míìsì ní Abúlé Òkúta, ló kọ́kọ́ gbà á nímọ̀ràn pé oògùn kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà tó ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, àmọ́ ó ń múni sùn. Àlímì kọ̀ jálẹ̀. "Bí mo bá sùn," ló wí, "ta ló máa ṣọ́ ẹ̀fọn?" Àti pé lójú tiẹ̀, yíyún gan-an ni ẹ̀rí. Bó bá ń yún, ó ń ṣiṣẹ́. Oògùn tí kò bá yún èèyàn, ayédèrú ni, kí wọ́n lọ gba owó wọn padà.

Sìlífátù fara da gbogbo èyí. Òun ló ń họ ẹ̀yìn náà, òun ló ń bẹ àwọn èrò ọkọ̀, òun ló ń sọ fún àwọn olóòkú pé kì í ṣe ijó ni ọkọ òun ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Hàmdálàt, ó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Hàmdálàt ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Orí àdúrà ni wọ́n ti rí i, nígbà tí irun Àlímì ti ń funfun. Ọmọ náà dàgbà, ó gbọ́n, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé, Kamaldeen Ọdẹ́túnjí ará Abẹ́òkúta sì ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé bí wọ́n bá jókòó tira, àlejò á dìde fún wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹbí Ọdẹ́túnjí kì í ṣe ẹbí tí í gbé ìyàwó láìwádìí. Wọ́n á wádìí bóyá wèrè wà nílé, wọ́n á wádìí wárápá, wọ́n á wádìí àrùn ara. Ọmọ kan nínú ìdílé wọn ti pàdánù àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí torí pé àbúrò bàbá ọmọbìnrin náà ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì. Wọn ò tíì parí ìwádìí ti Hàmdálàt nígbà tí bàbá Kamaldeen já bọ́ láti orí àkàbà, tó dá lẹ́sẹ̀. Kò sì sí bí èèyàn ṣe máa gbọ́ pé àna ọ̀la ṣubú tí kò ní lọ kí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ojú gbogbo ẹbí ọkọ á sì wà lára wọn.

Sìlífátù kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Hàmdálàt, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má lo nǹkan yẹn lọ síbẹ̀. Ẹẹ̀kan ṣoṣo yìí. Bẹ́ ẹ bá họra níwájú wọn, wọ́n á ní àrùn ìdílé ni, ọmọ yìí ò ní rí ọkọ yẹn fẹ́ mọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Àlímì dáhùn.

Ìyàwó tó bá ti pẹ́ nílé mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti gbà." Sìlífátù gbé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ Sabina. "Kí lo ní," ló bi í, "tó funfun, tó rí roboto, tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan?"

Fítámì ni Sabina kó fún un. Sìlífátù da kulorokúìnì nù, ó da fítámì sínú ìgò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Àlímì yọ́ wọ ilé ìdáná bí olè, ó bu òkèlè, ó tẹ kóró kan bọ inú rẹ̀, ó di ojú, ó gbé e mì. Sìlífátù wọ yàrá lọ, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti Ṣómólú títí dé Abẹ́òkúta.

Àwọn àti Hàmdálàt bá Alhaji Ọdẹ́túnjí, bàbá Kamaldeen, lórí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀, píópì funfun tí wọ́n fi di eegun tó dá le gbagidi lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi símẹ́ńtì, láti orókún dé ọrùn ẹsẹ̀. Kamaldeen gbé omi tútù wá. Àbúrò Alhaji, Alhaja Suliat, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, jókòó pẹ̀lú awò ojú, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹran lọ́jà Iléyá. Wọ́n kíra, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ọmọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún aláìsàn.

Àárín àdúrà ni èjìká Àlímì ti gbọ̀n. Sìlífátù rò pé ojú òun ló ń tan òun. Èjìká kejì gbọ̀n. Àlímì fi ẹ̀yìn ti àga, ó ń sọ̀, ó ń gòkè. Háà! Fítámì! Ta ni fítámì ń yún láyé yìí? Kí wọ́n tó ṣe àmín, ọkùnrin náà ti dìde, ó ti fi ẹ̀yìn gún férémù ilẹ̀kùn, ó ń rọra họra, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo èèyàn.

"Bàbá," ni Alhaja Suliat wí, "ṣé kò sí o?"

"Kò sí rárá. Oògùn ibà ni. Nítorí ẹ̀fọn yín ni mo ṣe lò ó."

"Kí ni ẹ̀fọn Abẹ́òkúta ṣe yín?"

"Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyẹn ni mo fi ní oògùn ń ṣiṣẹ́."

Alhaja ní kí wọ́n fi oògùn náà han òun. Àlímì fi ìyangàn fa ìgò yọ lápò. Obìnrin náà da kóró kan sọ́wọ́, ó wò ó, ó fi eyín gé e, ó tọ́ ọ wò.

"Fítámì nìyí," ni Alhaja wí. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Alhaji, kò sí oògùn kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ara ló ń ṣe wọ́n. Ohun tó sì wà lára bàbá, ara ọmọ la ó ti rí i."

Kamaldeen dorí kodò. Omi lé ròrò sójú Hàmdálàt. Sìlífátù dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé obìnrin ni òun. "Èmi ni! Ẹ dákun, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀! Kulorokúìnì ni wọ́n rò pé àwọn gbé mì, ìdí tó fi ń yún wọn nìyẹn!"

"Ìyá, ẹ tún ti bà á jẹ́ sí i," ni Alhaja dáhùn. "Bó bá jẹ́ ara ni, à bá ní ká tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí fítámì ń yún torí pé ó rò pé kì í ṣe fítámì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lára, ó ti dórí."

Àlímì wo ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ìgò, kò sì lè dẹ́kun ẹ̀yìn híhọ. Bí ìgbéyàwó náà ṣe fẹ́ bàjẹ́ lójú gbogbo wọn nìyẹn.

Àṣé láti ìgbà yìí wá, Alhaji Ọdẹ́túnjí ò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń rò. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára Àlímì àti férémù ilẹ̀kùn. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ dà bí ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Ẹ ṣáà lè dé ibi tó ń yún yín," ló wí. "Ẹ wo tèmi. Ó ń yún mi nínú nǹkan yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dì í. Bí mo bá sọ, wọ́n á ní kí n ní sùúrù. Àbúrò mi yìí, nọ́ọ̀sì, ó ní eegun ló ń jiná. Ṣé eegun ló ń yún ni?"

Àlímì kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ yí padà, ó di ojú oníṣẹ́ tí wọ́n pè síbi iṣẹ́ rẹ̀. "Níbo gan-an, Alhaji?"

"Ojúgun. Nísàlẹ̀ orókún."

Àlímì ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa rúlà irin jáde, irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, tí àwọn onítẹ̀wé fi ń wọn pépà. Alhaja Suliat pariwo pé á bó o lára. Àlímì fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé ẹnu rúlà náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó kì í bọ ẹnu píópì, ó ń rọra tì í sísàlẹ̀, ó ń fà á bọ̀ lókè.

"Sísàlẹ̀ sí i," ni Alhaji wí. "Sí i. Sí… Súbúhánállàhì!" Ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Omijé gan-an ló ń jáde lójú bàbá náà. "Suliat, lọ wo ìkòkò lórí iná."

"Kò sí ìkòkò lórí iná, Alhaji."

"Lọ gbé e ka iná."

Nígbà tí Alhaji rí èémí mí, ó di ọwọ́ Àlímì mú. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí yíyún ṣe le tó báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fọwọ́ ara yín wá a?"

Sìlífátù ti gbọ́ gbogbo ìdáhùn Àlímì rí, ti ẹ̀fọn ẹbí, ti ẹ̀jẹ̀ ìwé. Kò gbọ́ èyí rí. Àlímì ò gbójú sókè, ẹsẹ̀ Alhaji ló ń wò.

"Bàbá mi lọ sí Ìlọrin," ló wí. "Ibà mú wọn lọ́hùn-ún, wọ́n kú, wọ́n ti sin wọ́n ká tó gbọ́. Èmi kéré nígbà náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ so yìgì àbúrò mi Kùdírátù, aládùúgbò kan ló jókòó sáyè bàbá wa. Aládùúgbò yẹn ò tilẹ̀ rántí orúkọ Kùdírátù dáadáa. Àbúrò mi sunkún títí wọ́n fi mú un lọ ilé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí Hàmdálàt, mo ní bí mo bá máa kú, ilé ni kí n kú sí, kì í ṣe òpópónà, ẹ̀fọn àjò ò sì ní pa mí kí n tó fọwọ́ ara mi fa ọmọ yìí fún ọkọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Alhaji. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Alhaji Ọdẹ́túnjí pe àbúrò rẹ̀ padà láti ilé ìdáná. "Suliat, o ní wèrè ni. Ọkùnrin tó ń jìyà yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ rẹ̀, kó lè wà láyè lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bó bá jẹ́ wèrè nìyẹn, ìwọ bá mi wá irú rẹ̀ kan nínú ìdílé tiwa. Ìwádìí parí. Kamaldeen, dìde, dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ." Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà nínú píópì síwájú díẹ̀. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo apá ọ̀tún."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Sìlífátù ò mọ bí òun ṣe máa bẹ̀bẹ̀. Àlímì ò bínú. Ó jókòó, ó ń wo igbó tó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Fítámì yẹn dáa o," ló wí nígbà tó yá. "Ibà ò mú mi."

Wọ́n so yìgì náà ní mọ́sálásí àdúgbò wọn ní Ṣómólú. Àlímì fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, bó ṣe wà nínú káàdì tó tẹ̀ fún un. Kùdírátù àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹkún rẹ̀ ju ti ìyàwó lọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Àlímì fẹ́ lọ ra pépà ní Ìbàdàn. Sìlífátù ti ra kulorokúìnì tòótọ́, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bà, kò fẹ́ tan ọkọ rẹ̀ mọ́. Àlímì jẹ ẹ̀bà yó, ó fọ ọwọ́, ó fi oògùn sílẹ̀.

"Ẹ gbàgbé oògùn yín," ni Sìlífátù wí.

"Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe? Mo ti fa ọmọ fún ọkọ."

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Obìnrin tó ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ láti ọdún yìí wá pé kó jáwọ́ nínú oògùn yìí. Inú rẹ̀ ì bá dùn, kó jó yí ilé ká. Ilẹ̀ ló jókòó sí, ó gbá abọ́ ẹ̀bà mọ́ àyà, ó bú sẹ́kún.

"Èmi ńkọ́, Bàbá Hàmdálàt?" ló bi í. "Èmi náà ńkọ́?"

Àlímì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó padà wá jókòó, ó bu òkèlè láti inú abọ́ tó wà láyà ìyàwó rẹ̀. Ó tẹ oògùn bọ inú rẹ̀. Ó di ojú, ó gbé e mì. Ó họra lọ Ìbàdàn, ó họra bọ̀, nígbà tó dé, Sìlífátù ti gbé àpótí síta dè é.

Láti ìgbà náà, kò jáde àdúgbò láìlò ó, kò sì tún jiyàn nípa rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì kọjá níwájú ilé wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ ó bá wọn níta, ọkùnrin lórí àpótí, obìnrin lẹ́yìn rẹ̀, tó ń họ ọ́, tó ń bá a jà pé ó ti sanra jù, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún òun nìkan.

Ilé náà ló kú sí, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ibà ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn wá ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀rín ni wọ́n rín jù. Kálukú ní ìtàn tiẹ̀ sọ, Alhaji Ọdẹ́túnjí fi ọ̀pá rìn wá láti Abẹ́òkúta, ó rín débi pé wọ́n bá a di ẹ̀gbẹ́ mú. Sìlífátù náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èrò tú ká díẹ̀, Hàmdálàt jókòó tì í, ó bi í pé kí ló ń ṣe wọ́n.

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí," ni Sìlífátù dáhùn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ mi ni kò rí iṣẹ́ ṣe."